Àtàǹpàkò Òsì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ ààrò bísíkíìtì
lójú ọ̀nà Asà Dáàmù.
Lóṣooṣù, kí owó tó dé ọwọ́ mi,
wọ́n á ti bù ú jẹ díẹ̀ létí.
"Ti adójútòfò nìyẹn, Yàháyà.
Nítorí ọjọ́ àìsàn ni."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bá àìsàn dá ọjọ́?

Àfi Àlàmísì kan, kí ìrun àsùbáà tó tó,
mo na ọwọ́ sí bùtà,
bùtà kò dìde.
Mo rò pé bùtà ló wúwo.
Ọwọ́ ni.
Ẹsẹ̀ òsì náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí àlejò
tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: ilé-iṣẹ́ kò dalẹ̀.
Ẹgbàásàn-án náírà ni adójútòfò ń fi ránṣẹ́ lóṣù,
Sàídátù ń fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru,
ó ń fi èyí tó kù ra gàrí.
Ìgbà náà ni ará ilé wa kan ní Gáà Àkànbí sọ pé
ìjọba ń fún abirùn ní ọ̀kẹ́ kan lóṣù,
ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Afọláyan ni akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀, ará Òró.
Ó ka lẹ́tà adójútòfò lẹ́ẹ̀mejì,
ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ̀rọ náà ké pí.
"Ọ̀kẹ́ kan, ẹ yọ ẹgbàásàn-án.
Ó ku ẹgbàá kan, Bàbá.
Òfin ò gbà kí ẹnì kan ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì."
Mo ní, "Owó tí wọ́n ń bù jẹ lára tèmi
fún ọdún mọ́kànlá yẹn,
ṣé ìjọba ni mo ń bá kó o pamọ́?"
Ó fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì ojú rẹ̀.
Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ìyá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ìkòkò, máa ń sọ pé
ẹni tó bu omi ìkòkò kan sínú èkejì
kò tíì pọn omi.

Sáádù wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà,
Sáádù tí kò san kọ́bọ̀ fún adójútòfò kankan rí.
Ọ̀kẹ́ tirẹ̀ pé.
N kò ṣe ìlara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lọ.
Mo kàn ń ka ọdún mọ́kànlá lórí ìka ọwọ́ ọ̀tún,
ìka kò tó.

Oṣù kejì, lẹ́tà mìíràn dé:
"A gbọ́ pé ìjọba ti ń san owó fún yín.
Ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, kí a lè yọ ọ́ nínú tiwa."
Ẹ wo àna méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn:
ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé,
rárá o, ẹ̀yin ni,
mo sì wà nínú ilé, ọbẹ̀ ń tutù.

A tún padà lọ. Fọ́ọ̀mù tuntun.
Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: àtàǹpàkò òsì.
Mo wo Afọláyan. Afọláyan wo fọ́ọ̀mù.
"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, Bàbá."
Sàídátù gbé ọwọ́ náà kúrò ní itan mi,
ó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ,
ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.
Àmì náà yọ kedere, gbogbo ìlà rẹ̀ pé.
N kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹgbàá kan. Owó ọkọ̀ àwa méjì, àlọ àtàbọ̀, ẹgbẹ̀jọ.
Ó ku irinwó.
Ó fi ọṣẹ àti kàn-ìnkàn-ìn bó ìka náà lálẹ́ yẹn,
ó bó o, ó bó o,
ó ń bi mí bóyá ó ń dùn mí.